Àwọn Ère Èsìẹ́ àti Àwọn Tó Ń Tọ́jú Wọn

Ọdún 1945 ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́, nílẹ̀ Ìgbómìnà ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Òun ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá wọlé síbẹ̀, ẹ má kánjú. Ẹ wo irun orí àwọn ère òkúta tó wà níbẹ̀, bí agbẹ́gilére ayé àtijọ́ ṣe ń finfín ni ẹni tó gbẹ́ wọn ṣe ya dídì kọ̀ọ̀kan, tó sì kọ ilà sójú wọn. Ọ̀pọ̀ wọn jókòó sórí àpótí. Àwọn mìíràn di idà mú. Òkúta rírọ̀ ni, ó rọrùn láti gbẹ́, ó sì rọrùn láti fọ́. Ọ̀pọ̀ orí ló ti kán kúrò lọ́rùn. Ìdí nìyí tí mo fi ń yin àwọn tó fi sùúrù ṣa àfọ́kù jọ, tí wọ́n wá orí tó bá ọrùn mu, tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ padà. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi nìyẹn.

Èyí tó wú mi lórí jù ni pé àwọn ará ìlú kò fi ère wọn sílẹ̀ fún ìjọba nìkan. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe Ọdún Ère, tí wọ́n ń bọlá fún Ọba Ère, ìyẹn ère tó jẹ́ ọba láàárín wọn. Ẹ wá àyè, kí ẹ lọ bá wọn ṣe é.