Aṣọ Títà nínú Eré Orí Íntánẹ́ẹ̀tì: Àgbéyẹ̀wò Overwatch

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Òwe yìí ni ìwọ̀n tí àgbéyẹ̀wò yìí fi wọn Overwatch, eré orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ilé-iṣẹ́ Blizzard ti Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2016. Ní 2017, akọni kan tó ń jẹ́ Orisa wọ inú rẹ̀. Nínú ìtàn eré náà, Efi Oladele, ọmọdébìnrin ọdún 11, ló fi ọgbọ́n orí sọ rọ́bọ́ọ̀tì àlòkù di Orisa.

Níbẹ̀rẹ̀, ẹni tó ra eré náà ń rí aṣọ gbà fún àwọn akọni bó ṣe ń ṣeré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tún lè fi owó ra àpótí aṣọ. Nígbà tí Overwatch 2 dé ní oṣù Ọ̀wàrà 2022, eré di ọ̀fẹ́, aṣọ wá di ojúlówó ọjà.

Aṣọ wọ̀nyí kò fi agbára kún Orisa, bí ọnà ara ọpọ́n kò ṣe fi kún ọmọ ayò 48. Àbùkù rẹ̀ wà níbòmíràn: aṣọ tó ń sọ bí ènìyàn ti pẹ́ nídìí eré tó wá ń sọ bí àpò rẹ̀ ti wúwo tó. Ní òde ìnáwó ní Adó-Èkìtì, ẹni tí kò ra aṣọ ẹbí lè jókòó, ṣùgbọ́n oúnjẹ lè ré e kọjá. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ lè fi wo ọmọ tí kò lówó aṣọ.

Olùkọ́ tó fẹ́ la irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lóye lè bẹ̀rẹ̀ láti inú ìtàn Orisa: ọgbọ́n Efi ló sọ ọ́ di akọni, kì í ṣe aṣọ.