Ìtakora Atọ́ka Àkókò nínú “The Red-Headed League”

Kì í ṣe gbogbo ìtàn tó bá fi ìgbẹ̀yìn ṣáájú ìbẹ̀rẹ̀ ni ó ní àṣìṣe. Àṣìṣe àkókò ń wáyé níbi tí atọ́ka àkókò méjì bá ti ta kora, tí ọgbọ́n ìsọ̀tàn kò sì lè là wọ́n níjà. Àpẹẹrẹ kan ni ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Arthur Conan Doyle yìí, tó jáde ní 1891. Ìpolówó tó fa Jabez Wilson sí iṣẹ́ ẹ̀tàn jáde ní ọjọ́ 27, oṣù kẹrin, 1890. Watson ní oṣù méjì péré ni ó ti kọjá. Síbẹ̀, ọjọ́ 9, oṣù kẹwàá ni ìwé tó kéde òpin iṣẹ́ náà gbé: ó lé ní oṣù márùn-ún.

Owó iṣẹ́ ni ẹlẹ́rìí. Pọ́n-ùn 4 ni Wilson ń gbà lọ́sẹ̀. Ó ní pọ́n-ùn 32 ni àwọn tó gbà á síṣẹ́ ná. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nìyẹn, ó sì ti Watson lẹ́yìn. Ìgbà ìwọ́wé tí ìtàn bẹ̀rẹ̀ ti oṣù kẹwàá lẹ́yìn. Oṣù kẹrin nìkan ni kò ní alátìlẹ́yìn. Nǹkan bí àárín oṣù kẹjọ ló yẹ kí ìpolówó náà jáde.

Nítorí náà, fífi déètì wé déètì lè fi hàn pé àṣìṣe wà. Ìṣirò inú ìtàn ni ó ń fi ibi tó wà hàn.