Ojú ni a Fi ń Sin Pẹ́pẹ́yẹ

Nínú gbogbo ohun ọ̀sìn abìyẹ́ tí ń bẹ ní ẹ̀yìnkùlé àwa ará abúlé tí ó yí Ìbàdàn ilé Olúyọ̀lé ká, láti Mọ́níyà títí dé Akànràn, láti Lálúpọn títí dé Ẹ̀gbẹ́dá, pẹ́pẹ́yẹ ni kì í fi ariwo gba ìtọ́jú lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Àkùkọ a kọ kí ilẹ̀ tó mọ́, àgbébọ̀ a ké tantan nítorí ẹyin kan ṣoṣo, tòlótòló a sì máa dá àlejò lóhùn láti ojúde wá. Ṣùgbọ́n pẹ́pẹ́yẹ, arìngbẹ̀rẹ̀ bí ọlọ́lá, ajíwẹ̀-kó-tó-jẹun, abìyẹ́-tómi-ò-rẹ, kò ní ju kí akọ rẹ̀ mí hìì, kí abo rẹ̀ sì kùn díẹ̀ nínú ọ̀fun. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń wí pé kò ní wàhálà, pé bí a bá ti tú u sílẹ̀ láàárọ̀, ó parí. Èmi tí mo ti ń sin ín láti ìgbà èwe mi kò bá wọn jiyàn pé ẹyẹ líle ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ẹyẹ tí kì í ké ni ó ń fẹ́ ojú ẹni tí ó ni ín jù lọ. Àwọn àgbà ní adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kí a mọ̀; bí ti adìẹ bá rí bẹ́ẹ̀, ti pẹ́pẹ́yẹ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti gúúsù ni ìran èyí tí a ń sìn yìí ti ṣẹ̀ wá, àwọn atukọ̀ Pọtogí ni wọ́n sì gbé e gúnlẹ̀ sí etí òkun wa. Ṣùgbọ́n ó ti bá wa gbé pẹ́ débi pé kò sí ẹni tí ó tún ń pè é ní àlejò. Akọ rẹ̀ a máa tó kílò 4 sí 5, abo a tó nǹkan bí ìdajì rẹ̀, akọ kan sì tó fún abo 4 tàbí 5. Ìgbà tí abo bá ń sàba ni inú mi ń dùn sí iṣẹ́ yìí jù. Adìẹ a fi ọjọ́ 21 sàba, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọjọ́ 35 ni ìyá pẹ́pẹ́yẹ fi ń jókòó ti ẹyin rẹ̀. Yóò fi ẹnu ara rẹ̀ tu ìyẹ́ múlọ́múlọ́ àyà rẹ̀ tẹ́ ìtẹ́, yóò máa dìde fún ìgbà díẹ̀ lójúmọ́ láti sáré jẹun àti láti wẹ̀, yóò sì padà tòun ti ọ̀rinrin lára sórí ẹyin, nítorí ẹyin tí ó bá gbẹ jù, ọmọ inú rẹ̀ kì í lè já èèpo jáde. Aláìnísùúrù a máa tú ìtẹ́ wò, a máa gbọn ẹyin létí, a sì bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi a máa gbé àgbàdo àti omi sí tòsí rẹ̀, n ó sì dúró lókèèrè láti wò bóyá ó dìde lónìí, nítorí ìyá tí kò bá dìde rárá lè gbẹ mọ́ orí ìtẹ́.

Bí ọmọ bá jáde tán, ẹsẹ̀ wọn ni mo kọ́kọ́ ń wò. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ń fẹ́ fítámì kan tí a ń pè ní náyásìn ju ọmọ adìẹ lọ, àgbàdo nìkan kò sì lè fún un ní èyí tí ó tó. Bí kò bá rí i tó, ẹsẹ̀ rẹ̀ a wọ́, a sì máa fi orúnkún rìn. Ìdí nìyí tí mo fi ń po ẹja gbígbẹ tí a gún mọ́ èérí ògì fún wọn. Ẹ̀pà dára pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ojú ni a fi ń yàn án, nítorí kò sí ẹyẹ tí oró èbu ń tètè pa bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Ní ọdún 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú, ọmọ pẹ́pẹ́yẹ pẹ̀lú kú, a sì wá rí i pé oúnjẹ ẹ̀pà tí ó ti bu ni wọ́n jẹ. Ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti mọ oró tí wọ́n ń pè ní aflatoxin. Ẹ wá wo ohun tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa nígbà òjò: àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa, tí ènìyàn kò lè jẹ mọ́, òun ni a ń kó dà sílẹ̀ fún pẹ́pẹ́yẹ!

Lẹ́yìn ẹsẹ̀, ojú àti imú ni ó kàn. Kò di dandan kí ènìyàn ní adágún odò, ṣùgbọ́n omi inú abọ́ gbọdọ̀ jìn tó èyí tí ẹyẹ lè ki orí bọ̀. Bí kò bá rí ibi fọ ihò imú àti ojú rẹ̀, ipin a bò ó. Ọmọ tí kò sí lábẹ́ ìyá ni omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ jìn, kí òtútù má baà pa á. Bí ẹ bá sì rí èyí tí ọrùn rẹ̀ rọ, tí kò lè gbé orí nílẹ̀, ẹ tètè wá ibi tí òkú ẹran ti ń jẹrà ní àyíká, nítorí ìdin ara òkú a máa gbé oró tí kò pa òun fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ń pa ẹyẹ tí ó bá ṣà á jẹ. Òkú eku àti òkú adìẹ, rírì mọ́lẹ̀ jinlẹ̀ tàbí sísun níná ni.

Ti lùkúlùkú, àrùn tí ń pa adìẹ, ni ibi tí líle pẹ́pẹ́yẹ ti di ewu fún aládùúgbò rẹ̀. Ní Ìbàdàn àti agbègbè rẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ kọ àrùn yìí sílẹ̀ ní Nàìjíríà, láàárín oṣù Kejìlá ọdún 1952 àti oṣù Kejì ọdún 1953, nígbà ọyẹ́ gan-an, ìgbà ọyẹ́ náà ni ó sì ń gbá ilé adìẹ lọ títí di òní. Pẹ́pẹ́yẹ lè gbé kòkòrò rẹ̀ kiri kí ara rẹ̀ sì máa dán. Nítorí náà, èyí tí mo bá rà lọ́jà, ọ̀tọ̀ ni n ó fi í sí fún ọ̀sẹ̀ 2, pẹ̀lú abọ́ omi tirẹ̀, òun ni n ó sì bójú tó kẹ́yìn. Àwọn adìẹ mi a sì gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, irú èyí tí ilé ìwádìí àrùn ẹranko ti Vom, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1924, ń ṣe. Bí ẹyẹ bá kú lójijì, tí ìkejì tún tẹ̀lé e, n kì í jẹ ẹ́, n kì í tà á. Dókítà ẹranko ni mo ń ké sí, nítorí láti ìgbà tí a ti rí àrùn ọ̀fìnkìn ẹyẹ ní ìpínlẹ̀ Kàdúná ní ọdún 2006, a ti mọ̀ pé irú ikú bẹ́ẹ̀ lè ti ara ẹyẹ ran ènìyàn.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo èyí ń gbà lójúmọ́, láàárọ̀ nígbà tí a bá ṣílẹ̀kùn àti nírọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń wọlé: ta ni ó kẹ́yìn, ta ni ó ń tiro, ìyẹ́ apá ta ni ó rọ̀ sílẹ̀, ìgbẹ́ ta ni ó yí padà? Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kò sí oògùn tí mo mọ̀ tí ó san ju kí á mọ ìrìn ẹyẹ ẹni nígbà tí ara rẹ̀ dá lọ, nítorí ẹni tí ó bá ti mọ bí pẹ́pẹ́yẹ rẹ̀ ṣe ń rìn nígbà tí ó gbádùn kò ní pẹ́ mọ ìgbà tí kò gbádùn, kò sì ní dúró kí ẹyẹ tí kì í ké wá ké sí i.