Ayé Tí Òkú Ti Lè Jí

Àwòrán ilẹ̀ tó kún fún odò àti òkè kì í tètè wú mi lórí. Olùdarí eré ni mí, irú eré tí a máa ń jókòó yí tábìlì ká ṣe, tí ẹnì kan á di jagunjagun, tí ẹlòmíràn á di oṣó, tí dáìsì á sì máa pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ìwé eré tuntun bá tẹ̀ mí lọ́wọ́, ibi tí òfin ti sọ̀rọ̀ ikú ni mo kọ́kọ́ ń kà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó ń ka ìtàn ayé inú rẹ̀, kí n lè mọ̀ bóyá àwọn tó ń gbé ibẹ̀ gbọ́ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà.

Ọ̀pọ̀ ni kò gbọ́. Ẹ wo Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní 1974. Nínú ìwé òfin rẹ̀ ti 2014, àlùfáà tó ti dé ìpele kẹsàn-án lè jí ẹni tí ikú rẹ̀ kò tíì ju ọjọ́ 10 lọ, bí dáyámọ́ńdì tó tó owó wúrà 500 bá ti wà nílẹ̀. Kí ni ìyẹn lápò ọba? Síbẹ̀, nínú ìtàn eré yìí, wọ́n á gún kábíyèsí lọ́bẹ, ìlú á dàrú, àwọn ọmọ ọba á máa du oyè, ìjòyè kan kò sì ní béèrè pé àlùfáà dà. (Àwọn tí mò ń darí máa ń béèrè. Wọn kì í gbàgbé.) Iná ń kọ́? Idán kékeré kan ń tan iná tí kò gbóná, tí kì í sì í kú àfi bí idán mìíràn bá pa á. Ìyẹ̀fun rúbì owó wúrà 50 ló ń ná èèyàn. Bí olú ìlú tí oṣó kún inú rẹ̀ bá ṣì ń lo àbẹ́là lójú pópó, ẹni tó kọ ọ́ ò ka òfin tán.

Keith Baker kà á tán. Nínú Eberron, ayé tó kọ fún eré yìí kan náà, tó jáde ní 2004, fìtílà idán ló wà ní òpópónà, mànàmáná ló ń gbé ọkọ̀ ojú irin, àwọn ìdílé oníṣòwò sì ti sọ ìwòsàn di ọjà. Karrnath, ọ̀kan lára àwọn orílẹ̀-èdè ibẹ̀, ló dùn mọ́ mi jù. Ìyàn àti àjàkálẹ̀ àrùn ń run ọmọ ogun wọn, ogun kò sì tíì parí, ni wọ́n bá ń gbé òkú dìde láti máa jà. Òkú kì í jẹun, kì í béèrè owó oṣù. Ó burú jáì, àmọ́ ọba wo ló máa ka òfin yẹn tí kò ní rò ó?

Ọ̀nà mìíràn ni RuneQuest gbà, èyí tí Chaosium tẹ̀ jáde ní 1978. Láti 1966 ni Greg Stafford ti ń hun ayé Glorantha, kó tó di pé Steve Perrin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ òfin eré fún un. Ẹni tó bá fẹ́ idán ńlá lọ́wọ́ òrìṣà níbẹ̀ yóò bù lára agbára ẹ̀mí rẹ̀ fi rúbọ. Àwọn olùsìn Chalana Arroy, òrìṣà ìwòsàn, lè jí òkú, ṣùgbọ́n wọ́n ti búra pé àwọn ò ní pa ẹ̀dá kankan lára. Ọmọ Humakt, òrìṣà ikú, kò gbọdọ̀ jíǹde rárá. Humakt lè fún un ní ẹ̀bùn tí idà rẹ̀ á fi máa ṣọṣẹ́ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, èèwọ̀ sì ni yóò bá ẹ̀bùn náà wọlé. N kì í ṣàlàyé ìyẹn fún Yorùbá tó bá jókòó sí tábìlì mi.

Òfin RuneQuest wúwo lóòótọ́. Dáìsì ló máa sọ bóyá apá, ẹsẹ̀ tàbí orí ni idà bà, ìjà ráńpẹ́ sì lè gba gbogbo ìrọ̀lẹ́. Mo fara mọ́ ọn, nítorí ẹni tó ń ṣe ọmọ Humakt máa ń ka iye ọ̀tá kó tó fa idà yọ. Ẹni tó mọ̀ pé dáyámọ́ńdì wà lápò àlùfáà kì í kà.