William Allen, ayàwòrán Odò Ọya

Ẹni tó bá gun Òkè Patti ní Lọ́kọ́ja á rí ibi tí Odò Ọya àti Odò Bénúé ti ń pàdé. Kí kámẹ́rà tó gbòde ni William Allen, ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń ya àwòrán etí Odò Ọya. Ó bá ìrìn àjò Richard Lander wá lọ́dún 1832, kó lè wọn odò náà. Ibà ò jẹ́ kí wọ́n rímú mí: nínú òyìnbó 48 tó wọkọ̀, 9 péré ló padà sílé. Síbẹ̀ ọwọ́ Allen ò yẹ̀. Lọ́dún 1840, àwọn àwòrán rẹ̀ jáde nínú ìwé Picturesque Views on the River Niger.

Ohun tí mo gbóríyìn fún jù ni pé awọnlẹ̀ tó mọ iṣẹ́ ló ń yàwòrán. Awakọ̀ ní láti fi òkè àti bèbè odò mọ̀nà, nítorí náà Allen ò lè fi àsọdùn bu ẹwà kún àwòrán rẹ̀. Ó yẹ kí ẹ̀dà àwọn àwòrán náà wà nílé ẹ̀kọ́ ní Lọ́kọ́ja, kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ àwòrán yíyà lè fi tiwọn wé tirẹ̀.