Jìtá Tó Ń Fa Ohùn

Ẹnikẹ́ni tó bá gbé fóònù tí sípíkà rẹ̀ ti kú wá bá mi ní Computer Village, orin kan náà ni mo máa ń fi dán an wò lójú rẹ̀ tí mo bá tún un ṣe tán: “Ja Fún Mi”, orin tó ṣíwájú nínú àwo Juju Music tí King Sunny Adé gbé jáde ní 1982. Mo fẹ́ràn orin náà, àmọ́ ìdí mìíràn tún wà. Ìlù lè bo àbùkù sípíkà mọ́lẹ̀, nítorí kíá ló ń dún, kíá ló ń lọ. Jìtá Hawaii tó ń fa ohùn lókè níbẹ̀ kò lè bò ó. Àbùkù díẹ̀ báyìí, á ti máa ha. Tí mo bá gbọ́ jìtá yẹn kedere láàrin ariwo àwọn tó ń ta sípíkà ní òpópónà Otigba, mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti yanjú, mo lè gbowó mi.

Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ló ta jìtá náà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ yìn, nítorí oníjìtá lèmi náà: ọjọ́ iṣẹ́ ni mo ń tún fóònù ṣe, òpin ọ̀sẹ̀ ni mo ń ta jìtá tẹ́nọ̀ nínú ẹgbẹ́ jùjú kan ní Agége.

Jìtá Hawaii yìí kì í ṣe èyí tí à ń gbé kọ́rùn. Ó dúró lórí ẹsẹ̀ bíi tábìlì, a sì ń jókòó tì í ni. Okùn mẹ́wàá ló sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Ọwọ́ òsì kì í tẹ okùn mọ́ igi rárá. Irin dídán róbótó ló dì mú, òun ló ń wọ́ lọ wọ́ bọ̀ lórí okùn. Ọwọ́ ọ̀tún fi èékánná irin bọ ìka, ó ń já okùn. Ẹsẹ̀ kan ń tẹ pẹ́dà tó ń fa okùn le, orúnkún ń ti irin sọ́tùn-ún sósì, ẹsẹ̀ kejì ló ń bu ohùn kù tó ń bù ú kún. Erékùṣù Hawaii ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin wọ́ okùn jìtá ní nǹkan bí ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn ará Amẹ́ríkà ló so pẹ́dà mọ́ ọn. Nígbà tí Bud Isaacs fi pẹ́dà fa okùn nínú orin Webb Pierce kan tó jáde ní 1954, gbogbo Nashville ló gbọ́, láti ìgbà náà ni jìtá yìí ti di ohùn ẹkún orin country. Ohùn yẹn kò ṣàjèjì nílé wa. Àìmọye bàbá ló ní àwo Jim Reeves nílé, tí wọ́n sì ń gbé Don Williams sí i lálẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ẹgbẹ́ jùjú ló máa gba irú jìtá bẹ́ẹ̀ láàyè nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, bí Sunny Adé ṣe gbà á. Òṣogbo ni wọ́n bí Sunny Adé sí ní 1946, ìdílé ọba Oǹdó ló sì ti wá. Ó fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó dọ́gbọ́n sọ fún wọn nílé pé Yunifásítì Èkó lòun ń lọ, ó sì gba ìdí orin lọ. Ọ̀dọ̀ Moses Ọláìyá, ẹni tí a wá mọ̀ sí Baba Sala, ló ti kọ́ṣẹ́, nígbà tí Ọláìyá ṣì ń darí ẹgbẹ́ hailáìfù. Nígbà tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀, Green Spots, sílẹ̀, ohùn òkè bíi ti Túndé Nightingale ló ń lé. I.K. Dáíró ti mú àkọ́díọ̀nù wọ jùjú ṣáájú rẹ̀, jìtá fúnra rẹ̀ sì jẹ́ àlejò nígbà kan. Ohun tí mo rí pé Sunny Adé fi ta wọ́n yọ ni bó ṣe ń to jìtá mọ́ jìtá: kálukú ní gbólóhùn kékeré tirẹ̀, kálukú ń tún un sọ, ẹnì kan kò gun orí ẹnì kejì. Ẹni tó bá gbé ohun èlò tuntun wọ irú àwùjọ bẹ́ẹ̀, ibi tí àwọn tó kù bá dákẹ́ sí nìkan ni àyè rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Adépọ̀jù ti fi hàn pé ọ̀gá lòun. Ní Nashville, akọrin sọ̀rọ̀ tán, jìtá sunkún tẹ̀ lé e. Ní òde àríyá tiwa, orin lè gbà tó ogún ìṣẹ́jú kó má kúrò lójú kan, àwọn èèyàn ń náwó, wọ́n ń jó. Bí jìtá bá ń sunkún fún gbogbo àkókò yẹn, ọ̀ràn dé. Adépọ̀jù máa ń dúró. Ó máa já okùn nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti pa ohùn mọ́, á wá rọra ṣí i, o ò ní gbọ́ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti wà lókè kí etí tó mọ̀. Á fà á díẹ̀, á fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ pa okùn, á yọwọ́, gángan á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Pípa okùn yẹn gan-an ni iṣẹ́. Mo ní jìtá Hawaii kékeré kan tí kò ní pẹ́dà nílé, mo sì lè jẹ́rìí sí i pé ọwọ́ tó ń mú un dún kò ṣòro kọ́ tó ọwọ́ tó ń mú un dákẹ́.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí jìtá tèmi kò lè ṣe. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò sọ́rùn jìtá lásán ti pààlà sáàrin ohùn kan àti èkejì, ńṣe là ń fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Jìtá Hawaii ń gba àárín kọjá, bí onígángan ṣe ń fún okùn ìlù rẹ̀ mọ́ra kí ohùn lè gòkè wẹ́rẹ́. Ìdí nìyí tí Adépọ̀jù fi lè bá ìlù fọ̀ láìwá ògbufọ̀.

Àwọn ará Amẹ́ríkà gbọ́ nípa rẹ̀. Nígbà tí Paul Simon ń ṣe Graceland, àwo tó jáde ní 1986, Adépọ̀jù ló ta jìtá Hawaii nínú orin tí wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ, orin kan náà tí Don àti Phil Everly bá a gbè. Mo máa ń fi í wé ti Ilse DeLange, akọrin country ará Netherlands tó lọ ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Nashville, tó gbé e jáde ní 1998. Ọ̀nà tó dáa nìyẹn, a máa ń lọ kọ́ nǹkan nílé oníǹkan. Tiwa ló wú mi lórí jù: Èkó ni Adépọ̀jù ti fún jìtá yìí ní iṣẹ́ mìíràn, iṣẹ́ yẹn ló sì gbé e dé inú àwo àwọn ará Amẹ́ríkà.

Lónìí, kíbọ́ọ̀dù ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń lò dípò rẹ̀. Wọ́n á tẹ bọ́tìnnì kan, ohùn jìtá Hawaii á jáde; wọ́n á yí àgbá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohùn á tẹ̀. Etí mi kò gbà á, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Àgbá yẹn sábà máa ń fa gbogbo ohùn lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Pẹ́dà lè fa okùn kan ṣoṣo gòkè kí àwọn tó kù dúró síbi tí wọ́n wà, ìyàtọ̀ tó sì wá sáàrin wọn yẹn ló máa ń gún èèyàn lọ́kàn. Mo ti sọ fún ọ̀gá ẹgbẹ́ wa pé bí owó bá wọlé, kíbọ́ọ̀dù kejì tó ń wá yẹn lè dúró ná. Ká kọ́kọ́ ra jìtá Hawaii tó ní pẹ́dà, ká sì fún ẹni tó máa jókòó tì í ní àkókò tó pọ̀ láti kọ́ ọ.