Ọ̀dà Ara Ilẹ̀kùn Ògògà

Ẹ bi ọmọ ilé-ìwé gíga èyíkéyìí tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà pé ta ni ó kọ́kọ́ kun àwòrán ní ilẹ̀ wa, kò ní í rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó dá yín lóhùn pé Aina Ọnabolu ni, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí wọ́n bí ní 1882. Ohun tí ìwé kọ́ ọ nìyẹn, ohun tí yóò kọ sínú ìdánwò nìyẹn, olùkọ́ rẹ̀ yóò sì fún un ní máàkì. Èmi ò ní kí wọ́n gba máàkì náà lọ́wọ́ rẹ̀ o. Ọnabolu tó ẹni tí à ń yẹ́ sí. Ṣùgbọ́n bí ẹnu bá ti sọ pé "ó kọ́kọ́", ó yẹ kí etí béèrè pé lórí kí ni? Lórí bébà ni, àbí lórí aṣọ tí wọ́n nà mọ́ igi? Ṣé ògiri àti pákó kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kùn ni?

Ibi tí mo ti fẹ́ mú ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sílé. Àwa tí a jẹ́ ọmọ Ìgbàrà-Odò, bí a bá dorí kọ ìlà-oòrùn, Ìkẹ́rẹ́ ni a ó dé, bí a bá sì tún tẹ̀ síwájú, Ìsẹ̀ nìyẹn. Ìsẹ̀ yìí ni Ọlọ́wẹ̀ gbé, gbẹ́nàgbẹ́nà tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n bí i sí, ní nǹkan bí 1873, ṣùgbọ́n ààfin Arínjalẹ̀ ti Ìsẹ̀ ló ti ṣe ẹmẹ̀sẹ̀ kí òkìkí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó kàn. Ó kú ní 1938. Láàárín 1910 sí 1914, ó gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, ilẹ̀kùn yẹn ló sì fa ọ̀rọ̀ tí mo ní í sọ.

Lára ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó tòun ti adé lórí, ó ń gba àlejò. Àlejò náà ni òyìnbó aṣojú ìjọba, Captain Ambrose, tí àwọn ènìyàn gbé rù wọ̀lú. Àwọn ère náà ga gbọọrọ, wọ́n sì yọ síta lára pákó débi pé ẹ ó rò pé wọ́n fẹ́ yíjú wò yín. Ní 1924, wọ́n gbé e lọ síbi ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn British Museum rí i, wọ́n ní àwọn fẹ́ rà á. Ògògà kọ̀, kò tà á. Pàṣípààrọ̀ ló gbà: wọ́n ṣe àga ìtẹ́ kan fún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì mú ilẹ̀kùn. Lọ́dọ̀ wọn ló wà títí di òní olónìí. (Ta ló jèrè nínú òwò yẹn? Ẹ bá mi dáhùn.)

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá kọ̀wé nípa ilẹ̀kùn yìí, ọ̀bẹ àti àáké Ọlọ́wẹ̀ ni wọ́n ń yìn. Wọ́n á ní ó mọ igi í gbẹ́, ó mọ bí ère ṣe ń yọ lára pákó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n kun ilẹ̀kùn náà! Kì í ṣe igi lásán. Àmì ọ̀dà ṣì wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lára òpó Ògògà tó wà ní Art Institute ní ìlú Chicago láti 1984, èyí tí ọba jókòó sí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀, tí olorì ńlá sì dúró gbagidi lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ rò ó wò. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ààfin ni òpó àti ilẹ̀kùn wà, òòjìji ni ibẹ̀. Igi tí a kò kùn, nínú òòjìji, dúdú kan náà ni yóò jẹ́ látòkè délẹ̀. Ọ̀dà ni yóò ya adé sọ́tọ̀ kúrò lára ojú, tí yóò ya ère sọ́tọ̀ kúrò lára ọnà wẹ́wẹ́ tó wà lẹ́yìn wọn. Nítorí náà, ní tèmi o, ẹni tó bá ní Ọlọ́wẹ̀ kì í ṣe ayàwòrán kò tíì wo ilẹ̀kùn náà tán.

Irú àṣìṣe yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Àwọn ère òkúta ilẹ̀ Gíríìsì ìgbàanì, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn òyìnbó fi gbà pé funfun báláú ni wọ́n fẹ́ kí ó wà. Wọ́n tilẹ̀ sọ funfun náà di òṣùwọ̀n ẹwà. Ìgbà tó yá ni wọ́n tó rí i pé wọ́n kun àwọn ère náà pẹ̀lú àwọ̀ tó ń dán yanran, pé òjò àti ọdún ló fọ̀ ọ́ kúrò. Òjò kò ṣe ti ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́. Ohun tó ṣe é ni pé ó kúrò níbi tí àwọn tí ì bá máa tún un kùn wà.

Gbólóhùn yẹn gan-an ni kókó. Ẹ wo ère Ẹpa tí wọ́n ń gbé jó ní Èkìtì. Kí ọjọ́ ọdún tó dé, wọ́n á tún un kùn. Kò sẹ́ni tó ń sọ pé, "Ẹ má fọwọ́ kàn án, ti ọdún tó kọjá ni ojúlówó." Ọ̀dà tútù ni ojúlówó. Bákan náà ni ti àwọn obìnrin tó ń kun ògiri ojúbọ ní Ilé-Ifẹ̀, ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ni èyí tí wọ́n mọ̀ jù lára wọn. Ẹfun, èédú, ilẹ̀ pupa àti ewé ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí ọdún bá yí po, wọ́n á kun tuntun lé ti àná lórí, àwòrán èṣí á lọ, ti ọdún yìí á dé. Àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti lọ díẹ̀ ní ìlú wa yóò rántí pé obìnrin náà ló ń pa ilé, tó ń fi ewé àti ìgbẹ́ màlúù ra ògiri àti ilẹ̀ títí yóò fi máa dán. Ta ló pe ìyẹn ní iṣẹ́ ọnà? Iṣẹ́ ilé ni wọ́n pè é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ àwọ̀ díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fojú kéré wa. Wọ́n ní Yorùbá kò ní ju àwọ̀ mẹ́ta lọ, funfun, pupa àti dúdú. Bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́ta ni ìdílé wọn, ṣùgbọ́n ọmọ pọ̀ nínú ìdílé. Ewé tútù, dúdú minimini ni. Aró inú ìkòkò aláró, dúdú ni. Ọsàn tó pọ́n, ìyeyè tó pọ́n, epo, osùn, gbogbo wọn ń bẹ lábẹ́ pupa. Ẹni tó ń kun ère kì í béèrè pé àwọ̀ yìí ha jọ ti ewé tó wà lórí igi. Ohun tó ń béèrè ni pé ti òrìṣà wo ni, ṣé ti Ọbàtálá tó jẹ́ kìkì funfun, àbí ti Ṣàngó tó da pupa mọ́ funfun. "Búlúù" àti "yẹ́lò" tí à ń pè lónìí, ọjà ló bá wọn wá.

Búlúù yẹn nìkan tó ìtàn. Láyé àtijọ́, wàjì ni wọ́n ń lò, láti ara ewé èlú. Láàárín 1826 sí 1828 ni wọ́n rí ọgbọ́n kan dá ní ilẹ̀ Faransé tí wọ́n fi ń ṣe búlúù ní ilé-iṣẹ́ lówó pọ́ọ́kú, dípò èyí tí wọ́n ń lọ̀ lára òkúta iyebíye. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Àwọn ayàwòrán Paris tí wọ́n ń gbé ọ̀dà inú túùbù jáde lọ sí pápá (1841 ni wọ́n ṣe túùbù ọ̀dà àkọ́kọ́) lò ó títí ojú ọ̀run inú àwòrán wọn fi yàtọ̀ sí ti àwọn baba wọn. Búlúù kan náà tún gba ọ̀nà mìíràn wá bá wa, bíi búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Kò pẹ́ tó fi dé orí ère ìbejì àti ara ère tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà wa gbẹ́, ó sì lé wàjì kúrò lórí ìjókòó. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé òyìnbó ló jí wa lójú oorun. Ọwọ́ àwọn baba wa ti wà nínú àwọ̀ tuntun, kò sì sí olùkọ́ tó ní kí wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Kí wá ni Ọnabolu ṣe? Ohun tó ṣe yàtọ̀, ó sì tóbi. Láti kékeré ló ti ń wo àwòrán inú ìwé òyìnbó, tó ń yà á. Ní 1906, ó ya ìyá kan, Mrs. Spencer Savage, bí ojú rẹ̀ ṣe rí gẹ́lẹ́. Nígbà tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, ó lọ kọ́ bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ti ẹ̀gbẹ́ kan wá. Ó padà délé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Èkó. Nígbà ayé tí àwọn kan ń sọ pé ọpọlọ aláwọ̀ dúdú kò lè gbà á, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ wọ́n di òpùrọ́. Ojú ènìyàn kan ní pàtó, tó ní orúkọ, tó ní ilé, ni ohun tuntun tó mú wá, kì í ṣe ọ̀dà.

Ibi tó pani lẹ́rìn-ín ni pé ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ ni ìjọba gbọ́ tí wọ́n fi mú Kenneth Murray wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1927, kí ó wá bá a kọ́ni. Ọnabolu ń fẹ́ ọgbọ́n òyìnbó. Òyìnbó dé, ó ní kí àwọn ọmọ gbàgbé ìyẹn, kí wọ́n máa wo iṣẹ́ ìlú wọn! Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Murray ni Ben Enwonwu, tó wá ya Tutu, ọmọ ọba Ifẹ̀, ní 1973 sí 1974. Wọ́n ta ọ̀kan nínú àwòrán náà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2018, owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Inú mi dùn sí i. Àmọ́ Ifẹ̀ kan náà ni àwọn tó ń kun ògiri Òrìṣà Ìkirè wà, kò sì sí ẹni tó lè ká ògiri lọ sọ́jà.

Àwọn ọmọ Zaria tí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1958 ló gbìyànjú láti da méjèèjì pọ̀. Nínú wọn, Yusuf Grillo ni mo yàn láàyò, ọmọ Èkó tó kú ní 2021. Wọ́n máa ń ní gíláàsì aláràbarà ti ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́ ọ ní búlúù rẹ̀. Ó ṣe iṣẹ́ gíláàsì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi àwòrán Grillo han aláró kan, kò ní pè é ní búlúù. Dúdú ni yóò pè é, yóò sì mọ ìkòkò tó ti jáde.

Ti Òṣogbo, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Láti 1962 tí Mbari Mbayọ̀ bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọ eléré Dúró Ládiípọ̀ gbé búrọ́ọ̀ṣì, ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀kọ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Jimoh Buraimoh, tó ń ṣètò iná fún wọn lórí ìtàgé, ló mú ìlẹ̀kẹ̀ kúrò lára adé, tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó bí ẹni ń kun ọ̀dà. Ilé-ìwé wo ló ti kọ́ ìyẹn?

Àwọn tó súnmọ́ ohun tí mò ń wí jù lọ ni ẹgbẹ́ Ọnà ní Ifẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989. Moyọ̀ Òkédìjí, ọ̀kan nínú wọn, kò fi àwọn obìnrin aṣògiri ṣe ohun ìwádìí lásán, ó gbà wọ́n ní ayàwòrán bíi tirẹ̀, òun náà sì wa ilẹ̀ aláràbarà, ó lọ̀ ọ́, ó fi ya àwòrán dípò ọ̀dà inú agolo. Iṣẹ́ ńlá ni. Àwọ̀ ilẹ̀ yẹn kì í pariwo, ó ní ìtutù tí ọ̀dà olóròóró kò ní. Ìjà kan ṣoṣo ni mo bá wọn jà. Wọ́n mú ilẹ̀ kúrò lára ògiri, wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri nínú férémù. Àwọ̀ àwọn obìnrin náà ni, ṣùgbọ́n ọdún rẹ̀ kò ní í yí po mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì ní í pe àwọn ọmọ obìnrin ilé jọ pé kí wọ́n wá tún un kùn. Ní báyìí, ojúbọ tí wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ pọ̀ ju ti alámọ̀ lọ, ọ̀dà agolo kì í sì í ṣí lọ́dọọdún bíi ẹfun. Bí kò bá sí ìdí láti tún un kùn, ìgbà wo ni ìyá yóò fi ọwọ́ ọmọ bọ inú ẹfun?

Mo tún padà sórí ilẹ̀kùn Ògògà. Bí òṣìṣẹ́ British Museum kan bá gbé ẹfun àti búlúù lọ́la, tó tún un kùn, wọn yóò lé e lẹ́nu iṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ìwé ìròyìn yóò sì gbé e pé ó ba iṣẹ́ Ọlọ́wẹ̀ jẹ́. Bí ẹnì kan ní ààfin Ìkẹ́rẹ́ bá ṣe ohun kan náà ní 1920, wọn ì bá ní ó kú iṣẹ́.